Fẹlá Kò Bá Sàsófóònù Wáyé

Bẹ́ ẹ bá ní ká dárúkọ ohun tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ń fọn, sàsófóònù ni gbogbo kíláàsì máa pariwo. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún kó tó sọ ọ́ di tiẹ̀?

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn bíi tiwa ni Fẹlá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1938. Nígbà tó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1958, trumpet ló ń fọn. Àmọ́ jáàsì ló wọ̀ ọ́ lára jù, irú èyí tí Charlie Parker àti Dizzy Gillespie gbé dé ní New York, tí wọ́n ń pè ní bebop.

Kí ni bebop? Orin tó máa ń yára gan-an ni. Ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ lu orin náà bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa dá tiẹ̀ fọn, á máa hun ohùn tuntun lójú ẹsẹ̀, bí onígángan ṣe ń dárà lóde àríyá. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ orin dunjú á ṣìnà.

Ní 1973, Igo Chico tó ń fọn sàsófóònù fún Fẹlá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Fẹlá ní òun fúnra òun á fọn ọ́n. Lọ́dún yẹn náà ni àwo Gentleman jáde, òun ló sì fọn sàsófóònù inú rẹ̀.

Kì í ṣe idán o. Etí tó ti fi gbọ́ jáàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún ló jẹ́ kó tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ó ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun ní SS2, ẹ gbọ́ bí?