Zircon kì í ṣe ayédèrú dáyámọ́ńdì: Ohun tó yẹ kí oníbàárà mọ̀ kó tó sanwó

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra òrùka àti yẹtí ló gbà pé ayédèrú dáyámọ́ńdì ni òkúta tí wọ́n ń pè ní zircon. Orúkọ méjì tó jọra ló fa àṣìṣe yìí, ó sì ń kó bá oníbàárà àti ọlọ́jà tó ń ta ojúlówó.

Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa zircon. Kódà, èérún rẹ̀ kan tí wọ́n rí ní Jack Hills, lórílẹ̀-èdè Australia, ti lo nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.4 ọdún. Cubic zirconia ní tiẹ̀, iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, láti nǹkan bí ọdún 1976 ló ti gbòde. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Zircon tó dáa, pàápàá aláwọ̀ búlúù láti Cambodia, wọ́n jù ú lọ fíìfíì.

Dídán ni zircon fi gbayì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, oríṣiríṣi àwọ̀ ló máa ń tàn jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti dáyámọ́ńdì. Àmọ́ iná ni wọ́n fi ń sọ ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ búráùn di búlúù. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, bí ọlọ́jà bá ti sọ ọ́ fún oníbàárà.

Láti dá a mọ̀, kí oníbàárà fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo inú òkúta náà, kó máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ti ọ̀pọ̀ zircon, àwọn ìlà tí wọ́n gé sí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò hàn ní méjì-méjì. Ti dáyámọ́ńdì àti cubic zirconia kì í rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti moissanite náà máa ń hàn ní méjì, nítorí náà, bí owó bá pọ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa òkúta iyebíye.

Zircon kò le tó dáyámọ́ńdì. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí dáyámọ́ńdì ti gba 10, nǹkan bíi 6.5 sí 7.5 ni tiẹ̀, etí rẹ̀ sì máa ń tètè kán. Ó dáa fún yẹtí ju òrùka ojoojúmọ́ lọ, kò sì yẹ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ òkúta mìíràn.

Ní agbègbè Jos, zircon máa ń bá tin jáde níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Ṣùgbọ́n iyanrìn zircon wúlò jù fún àwọn tó ń ṣe táìlì, èyí tó mọ́ kedere nìkan ló ṣeé gé fún ẹ̀ṣọ́.

Kí oníbàárà tó sanwó, kó rí i pé "zircon" ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì, kì í ṣe "zirconia".