Ìwádìí nínú Ìmọ̀ Ìṣirò: Àlàyé lórí Ọ̀nà tí a ń gbà Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé

1.0 Ìfáàrà

Bí a bá sọ nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa yìí pé ẹnì kan ń ṣe ìwádìí, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ìrìn-àjò sí ìlú àti abúlé, àti àwọn apohùn tí a ń lọ bá nílé wọn. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìjálá yóò lọ bá àwọn ọdẹ. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè yóò lọ bá àwọn tí ó ń sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ ni wọn yóò tú palẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò ń lọ? Ta ni ó ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò? Bí méjì àti méjì bá ti jẹ́ mẹ́rin kí a tó bí i, kí ni ó kù tí yóò wádìí tí a ó fi fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mọ ìṣirò dáadáa ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó rò pé oyè ọ̀mọ̀wé jẹ́ ìdánwò mìíràn tí ó kàn le ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tí ó bá gbé èrò yìí wọ ẹnu iṣẹ́ náà lè lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn ni òun ń tọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò jẹ́ ìyípadà ipò: láti ipò ẹni tí ó ń dáhùn ìbéèrè tí olùkọ́ ti mọ ìdáhùn rẹ̀, bọ́ sí ipò ẹni tí ó ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé ìpele ẹ̀kọ́ náà hàn kedere níbẹ̀. A ó mẹ́nu ba ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà níbi tí ó bá yẹ.

2.0 Ohun tí a ń pè ní ẹ̀rí

Kí a tó lè mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń wá, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní ẹ̀rí. Lọ́dọ̀ tiwọn, àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹ̀rí, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò sí ohun tí ó lè pín wọn dọ́gba bí kò ṣe 1 àti àwọn fúnra wọn. Irú wọn ni 2, 3, 5, 7 àti 11. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó máa pè wọ́n ní nọ́ńbà aláìṣeépín. Ẹ jẹ́ kí a mú nọ́ńbà kan, kí a sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀, kí a ro òun náà mọ́ èsì rẹ̀, kí a sì tún ro 41 mọ́ ọn. Bí a bá mú 1, èsì rẹ̀ yóò jẹ́ 43. Bí a bá mú 2, yóò jẹ́ 47. Bí a bá mú 3, yóò jẹ́ 53. Aláìṣeépín ni gbogbo wọn. Báyìí ni yóò sì máa rí títí a ó fi dé orí 39. Ẹni tí ó bá ti rí àpẹẹrẹ mọ́kàndínlógójì tí kò sí ọ̀kan tí ó yẹ̀ lè búra pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí láé. Ṣùgbọ́n bí a bá mú 40, èsì rẹ̀ jẹ́ 1,681, èyí tí í ṣe 41 lọ́nà 41. Ó ṣeé pín. Àbá náà wó.

Ní ọdún 1742, Christian Goldbach kọ lẹ́tà sí Leonhard Euler. Láti inú lẹ́tà náà ni àbá kan ti jáde pé gbogbo nọ́ńbà tí ó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tí ó sì ju 2 lọ, ni a lè rí gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ nọ́ńbà aláìṣeépín méjì. Fún àpẹẹrẹ, 10 jẹ́ àròpọ̀ 3 àti 7. 28 jẹ́ àròpọ̀ 11 àti 17. A ti fi kọ̀ǹpútà dán an wò kọjá 4,000,000,000,000,000,000, kò sì tíì yẹ̀ rí. Síbẹ̀, àbá lásán ni a ṣì ń pè é, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tíì fi àlàyé tí kò ní àbùkù hàn pé kò lè yẹ̀ láé. Àlàyé bẹ́ẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa gbà, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì tẹ̀lé èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ni a ń pè ní ẹ̀rí. Ẹ̀rí tuntun ni àpò ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ibi tí ó ń lọ wá a kò ju orí ara rẹ̀, ìwé àwọn aṣáájú, àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

3.0 Ibi tí oyè náà ti ṣẹ̀, àti àwọn tí a ti ilẹ̀kùn mọ́

Ilẹ̀ Jámánì ni àṣà fífi ìwádìí tuntun gba oyè ọ̀mọ̀wé ti fìdí múlẹ̀. Carl Friedrich Gauss gba tirẹ̀ ní Helmstedt ní ọdún 1799. Nígbà tí a dá Yunifásítì Berlin sílẹ̀ ní ọdún 1810, a gbé e kalẹ̀ lórí ìlànà pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ máa kọ́ni kí ó sì máa wádìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, wọ́n sì mú àṣà náà wá sílé. Yale ni ó kọ́kọ́ fúnni ní oyè Ph.D. ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1861. Johns Hopkins, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1876, pe J. J. Sylvester wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ọdún 1917 ni Oxford tó gba irú oyè yìí wọlé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó tó o ni a fún. Christine Ladd parí gbogbo ohun tí a ń béèrè ní Johns Hopkins ní ọdún 1882, ṣùgbọ́n nítorí pé obìnrin ni, ọdún 1926 ni wọ́n tó fi oyè náà lé e lọ́wọ́. Elbert Cox gba tirẹ̀ ní Cornell ní ọdún 1925. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ẹ̀rí kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin, kò sì mọ àwọ̀ ara. Àwọn tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó mọ̀ ọ́n.

4.0 Ìpele ẹ̀kọ́ náà

4.1 Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì àti ìdánwò

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orí oyè àkọ́kọ́ tààrà. Ní Nàìjíríà, oyè kejì ni a sábà máa ń béèrè kí a tó gbani. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé ní Amẹ́ríkà, yóò fi bí ọdún kan sí méjì kọ́ áljẹ́brà, ìpìlẹ̀ kálíkúlọ́ọ̀sì, jiọ́mẹ́tírì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò tí ó fi hàn pé ó yẹ fún ìwádìí. Ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ lè kúrò pẹ̀lú oyè kejì nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kéré; akẹ́kọ̀ọ́ a máa bọ́ sọ́dọ̀ alábòójútó láìpẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ náà fi lè gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin níbẹ̀, tí ó sì fi ń gba bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ní Amẹ́ríkà.

Ti owó náà tún wà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́. Wọn a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kékeré ní kálíkúlọ́ọ̀sì, wọn a máa máàkì iṣẹ́ wọn, yunifásítì a sì máa san owó oṣù fún wọn. Owó náà kì í pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú kí ọmọ tálákà lè dé ìdí iṣẹ́ náà.

4.2 Alábòójútó

Títí di ìhín, ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé. Ọ̀dọ̀ alábòójútó ni ìyípadà ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó le jù lọ́wọ́ alábòójútó ni yíyan ìbéèrè. Bí ìbéèrè bá rọrùn jù, kò ní tó oyè. Bí ó bá le jù, ó lè gba gbogbo ọdún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Andrew Wiles jẹ́ àpẹẹrẹ fún wa. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń lépa àbá kan tí Pierre de Fermat kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1637. Nígbà tí ó dé Cambridge, alábòójútó rẹ̀, John Coates, kò fi í sídìí ìyẹn. Ẹ̀kọ́ nípa irú ìlà kọdọrọ kan tí àwọn onímọ̀ ń fi áljẹ́brà ṣe àpèjúwe rẹ̀ ni ó fi í sí. Lórí rẹ̀ ni Wiles sì ṣiṣẹ́ tí ó fi di ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1980. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ó wá hàn pé àwọn ìlà wọ̀nyí gan-an ni ọ̀nà tí a lè gbà dé ibi àbá Fermat. Wiles kéde ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1993. Àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí àlàfo nínú rẹ̀; ó sì di ọdún 1994 kí a tó rí i dí. Bí alábòójútó bá ti jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ igbó náà láìní ohun èlò, bóyá kì bá tí jáde.

4.3 Ìdúró sójú kan

Ohun tí ó ń já ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kulẹ̀ kì í ṣe àìlóye. Dídúró sójú kan ni. Ẹni tí ó lọ gba ohùn ọdẹ sílẹ̀ lè má rí ohun tí ó ń wá, ṣùgbọ́n kò ní ṣàìmú nǹkan bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà kí ó má ní ojú-ìwé kan tí ó ṣeé fi han ènìyàn. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè tún lè gba iwájú rẹ̀ tẹ ẹ̀rí kan náà jáde. Nítorí èyí ni sẹ́mínà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe pàtàkì: níbẹ̀ ni a ti ń fi èrò tí kò tíì pé lọ ẹlòmíràn, níbẹ̀ sì ni a ti ń rí àlàfo kí ó tó di ìtìjú.

4.4 Àpilẹ̀kọ

Nínú ìmọ̀ ìṣirò, a kì í fi ìwọ̀n díwọ̀n àpilẹ̀kọ. Èyí tí John Nash kọ ní Princeton ní ọdún 1950 kò pé ọgbọ̀n ojú-ìwé. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni ó mú un gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀-ajé ní ọdún 1994. Ìtàn George Dantzig náà yẹ ní mímọ̀. Ní ọdún 1939, ó pẹ́ dé kíláàsì Jerzy Neyman ní Berkeley. Ó rí ìbéèrè méjì lójú pátákó, ó rò pé iṣẹ́ àmúrelé ni, ó sì ṣe wọ́n wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ìdáhùn sí ni wọ́n. Nígbà tí àkókò àpilẹ̀kọ tó, iṣẹ́ náà ni Neyman ní kí ó kó jọ. Ìtàn yìí kò sọ pé kí a máa pẹ́ dé kíláàsì. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀rí tí ó tọ̀nà ti tó.

5.0 Ìran àwọn olùkọ́

Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, abẹ́ Yunifásítì London ni ó wà. Ọdún 1962 ni ó tó dá dúró. Ìdí nìyí tí àwọn aṣáájú wa fi gba oyè náà ní òkè òkun. Chike Obi gba tirẹ̀ ní Cambridge ní ọdún 1950. Adegoke Olubummo, ọmọ Èkìtì, gbà á ní ọdún 1955 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Durham tí ó wà ní Newcastle. James Ezeilo gbà á ní Cambridge ní ọdún 1959. Olabisi Ugbebor, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà nínú ìmọ̀ ìṣirò, gbà á ní Yunifásítì London ní ọdún 1976. Àwọn wọ̀nyí padà wá sílé láti kọ́ni. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe fún ọmọ Nàìjíríà láti rí alábòójútó nílé, nítorí pé bí oyè yìí kò bá ti ọwọ́ ẹni tí ó ti gbà á wá, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó ń gbà dé ọwọ́ ẹni.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwádìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò ń ṣe ní tòótọ́, bí kò tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ́ èjìká. Ẹ̀rí tuntun ni ó ń wá, àìmọ̀ sì ni ibùgbé rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń gbèrò láti wọ iṣẹ́ náà, kí ó tó wo orúkọ yunifásítì, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ta ni yóò bójú tó mi, mélòó nínú àwọn tí ó ti bójú tó ni ó parí? Ta ni yóò bọ́ mi fún ọdún márùn-ún? Èkẹta, tí ó ṣòro jù, ara rẹ̀ ni yóò bi í: ǹjẹ́ mo lè jí ní òwúrọ̀ lọ́jọ́ púpọ̀ láìmọ ìdáhùn, kí n sì tún jókòó ti ìbéèrè náà? Ẹni tí ó bá lè dáhùn èyí pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ni iṣẹ́ náà yẹ, ì báà má jẹ́ òun ni ó máa ń gba ipò kìíní nínú ìdánwò.