Ọkàn agbábọ́ọ̀lù: Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú ìrìnàjò òkè òkun

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ní Sabon Gari, ìlú Kano, ló ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òkè òkun kan yóò ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n mọ orúkọ àwọn tó ti tọ ọ̀nà náà ṣáájú wọn, wọ́n sì mọ iye góòlù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá wọlé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé kò yẹ̀ wò rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Ohun náà ni ọkàn tó ń lù ní àyà wọn.

Àwọn oníṣègùn sọ pé àwọn àìsàn ọkàn kan wà tí kì í fara hàn títí di ọjọ́ tí ara bá ṣe iṣẹ́ agbára. Bí a bá tètè rí wọn, a lè tọ́jú púpọ̀ nínú wọn. Bí a kò bá rí wọn, àmì àkọ́kọ́ tí ẹbí yóò rí lè jẹ́ ikú òjijì lórí pápá.

Láti Kano dé Moscow

Sabon Gari túmọ̀ sí ìlú titun ní èdè Hausa. Ibẹ̀ ni àwọn àjèjì láti gúúsù orílẹ̀-èdè, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá, tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí ojú irin dé Kano ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Pápá ìṣeré kan wà ní àdúgbò náà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn pápá tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kano Pillars, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, ti lò.

Nínú àwọn tó ti Kano Pillars lọ sí òkè òkun, kò sí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Ahmed Musa. Jos ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 1992. Ní sáà ìdíje 2009 sí 2010, ó gbá góòlù 18 wọlé fún Kano Pillars nínú líìgì orílẹ̀-èdè yìí.

Lọ́dún 2010, ẹgbẹ́ VVV-Venlo ní orílẹ̀-èdè Netherlands gbà á wọlé. Àmọ́ ó ní láti dúró kí ó pé ọmọ ọdún 18 kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, nítorí òfin FIFA kò gbà pé kí wọ́n ra ọmọdé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí CSKA Moscow ní Rọ́ṣíà ní ọdún 2012, níbi tó ti gba ife líìgì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ọdún 2016, Leicester City ní England ra á ní mílíọ̀nù pọ́ùn 16.6, iye tó ga jù lọ tí ẹgbẹ́ náà tíì san lórí agbábọ́ọ̀lù kan títí di ìgbà náà. Ó lọ sí Al-Nassr ní Saudi Arabia ní ọdún 2018, lẹ́yìn náà ó gbá bọ́ọ̀lù ní Turkey.

Ó padà sí Kano Pillars ní ọdún 2021 fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún padà ní ọdún 2024. Nínú ẹgbẹ́ Super Eagles, kò sí ọkùnrin tó gbá ìdíje tó o fún Nàìjíríà, nítorí iye tirẹ̀ lé ní 100. Góòlù mẹ́rin ló gbá wọlé ní Ife Àgbáyé: méjì sí àwọ̀n Argentina ní ọdún 2014, àti méjì sí àwọ̀n Iceland ní ọdún 2018.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tó fi ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ara kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ tuntun ni àwọn dókítà ẹgbẹ́ náà máa ń wo eegun, iṣan, ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn rẹ̀. Owó ńlá ni ẹgbẹ́ fẹ́ ná, kò sì sí ẹni tí yóò ra màálù nínú òkùnkùn.

Ohun tí àyẹ̀wò rí lára Kanu

Ìtàn Nwankwo Kanu fi hàn bí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó. Òun ni balógun ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba wúrà ní ìdíje Olympics ti Atlanta ní oṣù kẹjọ, ọdún 1996. Ó borí Brazil, ó borí Argentina, gbogbo ayé sì rò pé ara rẹ̀ le koko.

Ní àkókò yẹn ni ẹgbẹ́ Inter Milan ní Ítálì ra á láti Ajax. Nígbà tí àwọn dókítà wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé fáàfù kan nínú ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Fáàfù dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde kúrò nínú ọkàn, tó sì ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà. Ti Kanu kò tì dáadáa mọ́.

Ọmọ 20 ọdún ni nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bọ́ọ̀lù ti parí fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1996, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sórí pápá ní ọdún 1997. Arsenal rà á ní ọdún 1999, ọdún tó tún di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀kejì. Òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Portsmouth fi gba ife FA ní ọdún 2008.

Ní ọdún 2000 ló dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀ láti ran àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó ní àìsàn ọkàn lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ tún lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn mìíràn ní ọdún 2014. Èyí fi hàn pé ẹni tí wọ́n ti tọ́jú ọkàn rẹ̀ ṣì ní láti máa rí dókítà rẹ̀ déédéé.

Kì í ṣe orí-ire nìkan ló kó Kanu yọ. Láti ọdún 1982 ni òfin Ítálì ti pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kópa nínú ìdíje eré ìdárayá kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ọkàn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ẹkùn Veneto fi hàn pé láàárín ọdún 1979 sí 2004, ikú òjijì láàárín àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá dín kù láti 3.6 nínú 100,000 lọ́dún sí 0.4.

Àwọn tí a pàdánù

Samuel Okwaraji kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó kàwé nípa òfin, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola figa gbága ní Èkó láti lọ sí Ife Àgbáyé, ó ṣubú lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú 77, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Marc-Vivien Foé ti orílẹ̀-èdè Cameroon ṣubú ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2003, ó sì kú ní ọmọ ọdún 28. Iṣan ọkàn rẹ̀ ló nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún, síbẹ̀ àìsàn náà pa á. Nítorí náà, àyẹ̀wò kò lè rí gbogbo nǹkan, ó kàn ń dín ewu kù ni. Láti Ife Àgbáyé ọdún 2006 ni FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àyẹ̀wò ara àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣáájú ìdíje náà.

Nílé níbí, Chineme Martins ti ẹgbẹ́ Nasarawa United ṣubú lórí pápá ní Lafia ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 2020, ó sì kú. Ikú rẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè irú ètò ìtọ́jú pàjáwìrì tó wà ní àwọn pápá wa.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní àwùjọ wa, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọwọ́ ayé ni. Ẹbí á máa wá ẹni tó ṣe é, àwọn àbúrò olóògbé á sì máa gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ láìṣe àyẹ̀wò kankan. Bẹ́ẹ̀, àìsàn tó ń mú iṣan ọkàn nípọn jẹ́ èyí tí ọmọ lè jogún lára bàbá tàbí ìyá. Nínú 500 ènìyàn, ó tó nǹkan bí ẹnìkan tó ní i. Àwọn ọmọ ìyá olóògbé gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rí dókítà.

Àwọn àmì tí kò yẹ kí a fojú fò

Àwọn oníṣègùn gbani nímọ̀ràn pé kí ọ̀dọ́ tó bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí dá eré dúró kí ó tó lọ rí dókítà:

- Kí ó dákú nígbà tó ń sáré tàbí ní kété tó sáré tán.
- Kí àyà máa dùn ún tàbí kí ó fún un pinpin nígbà iṣẹ́ agbára.
- Kí ọkàn rẹ̀ máa sáré tàbí kí ó máa lù ségesège láìnídìí.
- Kí èémí rẹ̀ máa tán kíákíá ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.
- Kí ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ ti kú lójijì láìtíì pé ọmọ 50 ọdún.

Àyẹ̀wò tó yẹ kò le. Dókítà yóò béèrè ìtàn ẹbí, yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, yóò sì fetí sí ọkàn. Lẹ́yìn èyí ni ECG, tó ń ya bí iná ara ṣe ń rìn nínú ọkàn sórí ìwé. Bí ohun kan bá fu dókítà lára, wọn yóò fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn. A lè ṣe àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, irú bí Aminu Kano Teaching Hospital ní Kano àti University College Hospital ní Ìbàdàn.

Àwọn òbí náà ní ipa tiwọn. Ọ̀nà ọ̀fun dídùn tó ń ti ọwọ́ kòkòrò bakitéríà kan wá lè ba fáàfù ọkàn ọmọdé jẹ́ bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀. Oògùn pẹnisílínì tí dókítà bá fún ọmọ lákòókò lè dènà èyí, bí ọmọ náà bá lò ó tán gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ.

Ooru, omi àti oògùn

Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ooru Kano lè tó ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó dára kí àwọn olùkọ́ni gbé ìdánrawò sí òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sinmi kí wọ́n mu omi. Bí ọjọ́ bá bọ́ sí Ramadan, ó yẹ kí ẹni tó ń gba ààwẹ̀ dín iṣẹ́ agbára kù títí di lẹ́yìn ìṣínu.

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó tó nǹkan bí ẹnìkan tó jẹ́ AS. Wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ooru, òùngbẹ àti iṣẹ́ àṣejù lè pa wọ́n lára.

Bákan náà ni lílo tírámádọ̀ láti gbàgbé ìrora tàbí àárẹ̀ léwu. Ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2024 ni àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró nínú eré ìdárayá lágbàáyé ti fòfin de lílò rẹ̀ nígbà ìdíje. Ẹni tó bá ń lò ó lè pàdánù iṣẹ́ òkè òkun tó ń wá.

Bí ẹnìkan bá ṣubú lórí pápá

Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2021, ọkàn Christian Eriksen ti Denmark dá iṣẹ́ dúró lórí pápá ní Copenhagen. Àwọn tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ta ọkàn rẹ̀ jí. Ní ọdún 2022, ó ti padà sídìí bọ́ọ̀lù. Ìyára ló gbà á là.

Bí ẹnìkan bá ṣubú tí ẹnikẹ́ni kò kọlù ú, tí kò dáhùn nígbà tí wọ́n pè é, tí kò sì mí bó ṣe yẹ, ẹ gbà pé ọkàn rẹ̀ ló dúró. Kí ẹnìkan pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112, kí òmíràn wá ọkọ̀. Kí ẹnì kẹta kúnlẹ̀, kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì léra wọn sí àárín àyà, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́nà 10 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kí wọ́n má ṣe da omi sí i lójú, kí wọ́n má sì ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí wọ́n má dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé, nítorí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá lásán ń dín ìrètí ìyè kù ní nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀dọ́ tó bá ra bàtà bọ́ọ̀lù, tó sì sanwó ìdánrawò, ó yẹ kó ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò ọkàn kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò tí kò lè ra ẹ̀rọ lè kọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta bí a ṣe ń tẹ àyà. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò dé Moscow tàbí Leicester nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá ló yẹ kó délé láyọ̀ lẹ́yìn ìdíje.