Jígí Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀ Eré: Ẹ Wo Dígí Kí Ẹ Tó Wo Ẹwà

Ẹni tó bá ní Toyota 86, tàbí ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì mìíràn, tó sì fẹ́ ṣe é lóge, kì í pẹ́ kí jígí ẹ̀gbẹ́ tó wọ̀ ọ́ lójú. Àwọn tó ń tà á a máa polongo ike dídán tàbí carbon fibre tó bò ó. Dígí inú rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dígí ọ̀tún àti tòsì kì í sábà rí bákan náà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tẹ̀gbẹ́ awakọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, torí òfin ibẹ̀ fẹ́ kó máa rí nǹkan bó ṣe tóbi gan-an. Tẹ̀gbẹ́ kejì wú síta díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ohun tí ẹ ń wò sún mọ́ yín ju bó ṣe hàn lọ. Bí dígí bá ṣe wú tó ni ibi tó ń fi hàn ṣe ń fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọkọ̀ ẹ̀yìn á kéré, tí á dà bíi pé ó ṣì jìnnà. Ẹni tó bá ti fi wíwú rọ́pò pẹrẹsẹ láìmọ̀ á rò pé àyè wà láti yà sósì, kó tó gbọ́ fèrè dánfó létí.

Ti àwa tí à ń ra tòkúnbọ̀ tún wá yàtọ̀. Láti 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, àmọ́ jígí tó ti Japan tàbí Ìlú Ọba wá, ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sápá ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Bóòtù rẹ̀ lè wọlé geerege, kí dígí náà sì dé òpin yíyí rẹ̀ láìtíì kọjú sí yín dáadáa.

Ẹ̀rọ kéékèèké méjì ló wà lẹ́yìn dígí: ọ̀kan ń gbé e sókè sódò, èkejì ń dà á sọ́tùn-ún sósì. Wáyà mẹ́ta ló sábà máa ń tó wọn, nítorí wọ́n jọ ń lo ọ̀kan. Bí bọ́tìnì bá ti pààrọ̀ ọ̀nà tí iná ń gbà, ẹ̀rọ á yí padà sódìkejì. Àwọ̀ wáyà jígí tuntun lè má bá ti àtijọ́ mu, nítorí náà rẹwáyà tó mọṣẹ́ á fi bátìrì dán wọn wò ní méjì-méjì kó tó so wọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ ta-ta-ta, ẹ má fòyà. Dígí ti dé òpin ni, wọ́n ṣe eyín ẹ̀rọ náà kó lè máa yọ̀ níbẹ̀ kó má baà kán.

Títú u kò le. Ẹ yọ ike onígun mẹ́ta tó wà ní igun fèrèsé nínú ọkọ̀, ẹ ó rí bóòtù, mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi àkísà dí ihò ilẹ̀kùn, torí bóòtù tó bá já sínú rẹ̀ á sọ iṣẹ́ kékeré di títú gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ fọwọ́ kan di jígí mú bí ẹ bá kan bóòtù tó kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, kí rọ́bà lè jókòó yíká. Bí kò bá jókòó, afẹ́fẹ́ á máa súfèé lórí eré, omi á sì rí ọ̀nà wọlé.

Èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín bíi tọkọ̀ ìdíje, èmi ò ní gbà yín níyànjú láti rà á. Ó máa ń gbọ̀n lórí eré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í ká bí nǹkan bá kọ lù ú. Bí ọ̀kadà bá gbá a nínú gosiló, àfi kó kán.