Ìyánhànhàn Ọtí àti Ìrànlọ́wọ́ fún Ẹni tó ń Jáwọ́ Nínú Ọtí Mímu ní Nàìjíríà

Ìyánhànhàn ọtí ni ìfẹ́ líle láti mutí, èyí tó máa ń gba ọkàn ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, pàápàá nígbà tó bá ń gbìyànjú láti jáwọ́. Nínú ìwé atọ́nà tí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Àrùn Ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013, ìyánhànhàn wà lára àwọn àmì tí dókítà fi ń dá àìsàn ọtí mọ̀. Nítorí náà, àmì àìsàn ni. Kì í ṣe ẹ̀rí pé onítọ̀hún jẹ́ aláìníláárí tàbí pé ìpinnu rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ó máa ń dé, ó máa ń le, ó sì máa ń rọlẹ̀.

Ohun tó ń fà á

Ọtí máa ń mú kí iṣẹ́ ọpọlọ falẹ̀. Bí ènìyàn bá ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ a máa fi kún agbára àwọn kẹ́míkà tó ń ta á jí. Bí ọtí bá wá dáwọ́ dúró lójijì, kò sí ohun tí yóò dá àwọn kẹ́míkà náà lẹ́kun mọ́. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí àyà fi ń já, tí oorun kì í sì í wá. Nígbà tí ara bá ti balẹ̀, ìrántí ṣì kù. Ọpọlọ ti so ọtí mọ́ àwọn ibi, àwọn ènìyàn àti àwọn àkókò kan, débi pé rírí wọn lè ru ìyánhànhàn sókè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù.

Àwọn ohun wọ̀nyí yàtọ̀ láti agbègbè dé agbègbè. Ní ìpínlẹ̀ Benue àti Plateau, ìdí burúkùtù, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń bu sínú igbá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ. Ní Niger Delta, ògógóró tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu ni wọ́n fi ń gbàlejò, tí wọ́n sì ń ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Nínú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ Ìgbò, ife ẹmu ni ìyàwó fi ń fi ọkọ rẹ̀ han àwùjọ. Níbi báwọ̀nyí, kíkọ ife lè dà bí ẹni pé a kọ olùgbàlejò fúnra rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ 12 ní àríwá tí wọ́n gba òfin ọ̀daràn Ṣàríà lẹ́yìn 1999, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn: ẹni tó ń mutí ní ìkọ̀kọ̀ lè máa bẹ̀rù láti wá ìrànlọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó bá bèèrè ti jẹ́wọ́.

Ewu jíjáwọ́ lójijì

Ẹni tó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ̀dọ̀ dá jáwọ́ lójijì láìsí ìtọ́jú. Gbígbọ̀n àti lílàágùn lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn. Gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láti nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, orí rẹ̀ lè dàrú, kó máa rí ohun tí kò sí, kí ara rẹ̀ sì gbóná. Èyí lè pa á. Kí ìdílé má ṣe ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ yàrá. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Níbẹ̀, dókítà lè fún un ní oògùn bíi diazepam láti dá gìrì dúró àti fítámì B1 láti dáàbò bo ọpọlọ.

Bí a ṣe ń fara da ìyánhànhàn

Alan Marlatt, onímọ̀ ìrònú, fi ìyánhànhàn wé ìgbì omi. Ẹni tó bá ń ṣàkíyèsí rẹ̀, tí ń mí díẹ̀díẹ̀, tí kò bá a jà, tí kò sì tẹ̀ lé e, yóò rí i pé ìgbì náà ga, ó sì fọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í tó wákàtí kan. Láàárín àkókò náà, ó dára láti kúrò níbi tí ọtí wà, láti jẹun, láti rìn, tàbí láti pe ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Ebi, ìbínú, àdáwà àti àárẹ̀ máa ń fún ìyánhànhàn lágbára, nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn tètè wá nǹkan ṣe sí wọn. Ó tún yẹ kó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú òde: “Ẹ ṣeun, mi ò mutí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá omi.”

Àwọn oògùn kan wà tí dókítà lè kọ fún aláìsàn. Naltrexone máa ń dín adùn ọtí kù. Acamprosate máa ń ran ẹni tó ti jáwọ́ lọ́wọ́ láti má padà síbẹ̀. Disulfiram máa ń mú kí ara ṣàìsàn bí ọtí bá kàn án. Nítorí ewu yìí, a kò gbọ̀dọ̀ da disulfiram sínú oúnjẹ ẹnikẹ́ni ní ìkọ̀kọ̀.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Enugu, Calabar, Benin, Kaduna, Maiduguri, Yaba àti Aro ní Abẹ́òkúta, láàárín àwọn mìíràn. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ tí Bill Wilson àti Bob Smith dá sílẹ̀ ní Akron ní Amẹ́ríkà ní 1935, tún ní ìpàdé ní Nàìjíríà. Níbẹ̀, àwọn tí ọtí ti mú rí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn láìdárúkọ ìdílé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìdílé lè kó ọtí kúrò nílé, kí wọ́n tẹ̀ lé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n sì yẹra fún èébú. Bí ó bá tún mutí lẹ́yìn tó ti jáwọ́, èyí kò sọ iṣẹ́ tó ti ṣe di asán. Ohun tó yẹ ni pé kó tètè sọ ọ́ fún ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n wá ohun tó fà á, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.