Eré Káàdì fún Àwọn Tí A Ń Ṣi Orúkọ Wọn Pè

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Dassa-Zoumè wọ Soclogbo, láàrin àwọn òkè tí àwọn ará Ìdáàṣà ń kà sí mọ́kànlélógójì, tí àwọn baba ńlá wọn fi ṣe odi nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey ń kó ènìyàn lẹ́rú, kò ní ṣàì rí, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn mẹ́rin tí wọ́n yí tábìlì kékeré kan ká, tí wọ́n ń fi káàdì gbá igi rẹ̀ gbàgà-gbàgà. Nítorí belote, eré tí àwọn Faransé mú wá, ti di eré ilé ní ilẹ̀ Benin gẹ́gẹ́ bí ayò ọlọ́pọ́n ti jẹ́ eré ilé láti ayébáyé. Káàdì 32 ni wọ́n fi ń ta á. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní valet, ọmọ-ọ̀dọ̀ ọba, tí iye rẹ̀ kò ju 2 lọ ní ọjọ́ lásán; ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń ta á bá ti yan ìdílé rẹ̀ ní atout, ìdílé tí ń borí àwọn yòókù, 20 ni iye rẹ̀ ń dà, ọba fúnra rẹ̀ àti ásì tí iye rẹ̀ jẹ́ 11 á sì máa foríbalẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ àwòrán orí rẹ̀ kò yí padà, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ẹni tí ó mú un dání náà kò pààrọ̀ rẹ̀. Òfin ni ó yí padà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ: bí a ṣe lè ṣe eré káàdì tí yóò sọ ohun tí ojú àwọn kan ń rí láàrin wa, àwọn tí a bí, tí agbẹ̀bí wo ara wọn tí ó sì kéde pé ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n dàgbà tí wọ́n sì mọ̀ nínú ara wọn pé obìnrin ni àwọn, àti àwọn tí a pè ní obìnrin tí wọ́n mọ ara wọn ní ọkùnrin, àti àwọn mìíràn tí yàrá méjèèjì kò gbà tán. Transgender ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe àwọn ti ìṣáájú, wọ́n sì ń pe àwọn ti ìkẹyìn ní non-binary. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè wọ́n ní aṣiwèrè, ó sì yẹ kí a mọ̀ pé àwọn oníṣègùn ayé ti fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn: ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé tuntun tí wọ́n to orúkọ àwọn àrùn sí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò ní abala àrùn ọpọlọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé láti òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti wá bá wa. Ẹni tí ó bá ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó rí, Olúkòso, ọkọ Ọya, mọ̀ pé ọkùnrin tí ó dá irùngbọ̀n sí á dirun bí obìnrin, á ró aṣọ bí obìnrin, a ó sì máa pè é ní ìyàwó òrìṣà; J. Lorand Matory, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní Ìgbòho, tẹ odindi ìwé lé e lórí jáde ní 1994. Ní Kétu, ọkùnrin ni ó ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rù, tí ó ń so ọmú igi mọ́ àyà, tí ó ń ró ìró obìnrin jó láti fi tu àwọn ìyá wa nínú, ijó tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun ìní gbogbo ọmọ aráyé. N kò sọ pé ẹlẹ́gùn tàbí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí bí ijó bá tán, oníjó á bọ́ ẹ̀kú, á sì padà di bàbá ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń wí kò ní ẹ̀kú kankan tí yóò bọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa kò bẹ̀rù láti rí aṣọ, irun àti orúkọ ìhà kan lára ẹni ìhà kejì. Ọbàtálá Alámọ̀ rere, tí ó mọ abuké, tí ó mọ àfín, tí ó sì sọ wọ́n di ẹni ọ̀wọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, kò fi ìgbà kankan kéde pé amọ̀ òun tán lẹ́yìn oríṣi méjì.

Ṣùgbọ́n ṣé eré lè gbé irú ẹrù báyìí? Ó ti gbé èyí tí ó wúwo jù ú lọ rí. Ní 2008, obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe eré ní Amẹ́ríkà, Brenda Romero, gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ kékeré ń ka ẹ̀kọ́ òwò ẹrú bí ẹni ń ka orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kò sì bá ọmọ náà jà. Ó ní kí ó kun àwọn ère kékeré lọ́dà ní ìdílé-ìdílé, baba, ìyá àti ọmọ; nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó ṣà wọ́n bí ó ti wù ú, ó kó wọn sínú ọkọ̀ láìwo ẹni tí ó bí ẹnì kan, ó sì fi òfin lélẹ̀ pé oúnjẹ inú ọkọ̀ níwọ̀n, pé tẹ́tẹ́ tí a bá sì jù ni yóò sọ iye tí ó ń tán lórí òkun. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi rí i pé oúnjẹ kò ní dé èbúté, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ kò mú kí ó béèrè. Èmi tí mò ń kọ̀wé nípa àwọn òkè tí àwọn ènìyàn sá gùn nítorí kí wọ́n má baà dé etíkun Ouidah tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀, n kò lè ka ìtàn eré yìí kí ara mi má bù máṣọ. Kò sí àwòrán ẹ̀jẹ̀ kan nínú rẹ̀. Òfin méjì péré ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ní ti ọ̀rọ̀ tiwa gan-an, Anna Anthropy, obìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń sọ, ṣe eré orí kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní dys4ia ní 2012, nípa oṣù díẹ̀ tí ó fi ń lo oògùn tí ń tún ara ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó fi òkúta kan tí ìrísí rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ lé ọ lọ́wọ́, a ó sì fi ògiri tí ó ní ihò hàn ọ́. Bí o ti wù kí o tì í tó, kò ní wọlé, nítorí ihò náà kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ta eré náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì ń wí pé àwọn ti wá mọ̀ báyìí ohun tí irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ Anna Anthropy nínú. Ní 2015, ó gbé bàtà ògbólógbòó ti ara rẹ̀ kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní New York, ó so ohun tí ń ka ìṣísẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ wọ̀ ọ́ kí ó sì máa rìn, máìlì kọ̀ọ̀kan fún àmì kan. Bí o bá rìn títí ilẹ̀ fi ṣú, àmì díẹ̀ péré ni o ní.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ti dá sí i. Magic: The Gathering, eré káàdì tí Richard Garfield dá sílẹ̀ ní 1993 tí ó sì tàn ká gbogbo ayé, mú akọni kan jáde ní 2015 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alesha. Nínú ìtàn rẹ̀, jagunjagun ni. Ìlú rẹ̀ a máa jẹ́ kí ọ̀dọ́ tí ó bá ti fi akin hàn lójú ogun yan orúkọ fúnra rẹ̀, òun tí wọ́n bí ní ọmọkùnrin sì yan orúkọ ìyá ńlá rẹ̀. Ìtàn náà wú mi lórí, nítorí a mọ̀ pé orúkọ ń ro ọmọ. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò sí lára káàdì: bí ẹnì kan bá mú Alesha dání fún ọdún mẹ́wàá, tí ó fi ń ṣẹ́gun, òfin ara káàdì náà, tí ó ń pe àwọn kékeré padà láti ibojì sójú ogun, kò ní sọ fún un ní ọjọ́ kan ṣoṣo pé obìnrin yìí jà kí a tó pè é ní orúkọ rẹ̀. Mo kí àwọn tí ó yà á. Ìrírí tí ó wà nínú àwòrán tí kò sì dé inú òfin, àlejò ni nínú eré náà.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe irú eré yìí fún Soclogbo, ohun àkọ́kọ́ ni kí a wá ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ níbí, kí a má yá ti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìrora púpọ̀ wà nínú he àti she. Ní èdè wa, tọkùnrin tobìnrin ni ó ń jẹ́ ó, káàdì yẹn kò ní rí ẹni gún, àfi bí ọmọ bá dé iwájú olùkọ́ tí ń fi èdè Faransé pín kíláàsì sí il àti elle. Tiwa ń gún ní ibòmíràn. Oríkì tí ìyá fi ń ki ọmọ láàárọ̀ kí orí rẹ̀ lè wú ni ọ̀bẹ tí ó mú jù: Àjàní, Àkànní, Àlàó fún ọkùnrin, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́ fún obìnrin. Ẹ ro ti ọmọ tí ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ń ta á lára lójoojúmọ́ láìsí pé ìyá náà ṣẹ̀ ẹ́.

Báyìí ni mo rò pé a lè bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tí yóò ta á jẹ́ mẹ́rin. Kí olúkúlùkù mú káàdì kan tí òun nìkan yóò máa wò, káàdì inú. Kí ẹni tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì gbé òmíràn kalẹ̀ síwájú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, káàdì ìta, tí orúkọ àti aṣọ wà lórí rẹ̀, láìbi í bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà mìíràn méjèèjì á bára mu, ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sí kò sì ní mọ̀ rárá pé eré náà le. A ó pín ọmọ ayò 48 tí ó wà nínú ilé, méjìlá-méjìlá. Lẹ́yìn náà ni a ó máa ṣí ìgbà kan lẹ́yìn òmíràn: ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú bàbá, níbi tí ọmọkùnrin ní ipò tirẹ̀ tí ọmọbìnrin sì ní tirẹ̀, ìsọ̀ onídìrí, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń béèrè káàdì ìdánimọ̀, ìrìn àjò mímọ́ sí ihò Arigbo, tí ń kó àwọn Kátólíìkì wá sí Dassa-Zoumè láti 1954. Ẹni tí ó kàn yóò yan káàdì tí yóò fi dáhùn. Bí ó bá fi ti ìta dáhùn, kò sí ẹni tí yóò bá a wí, ṣùgbọ́n ọmọ ayò kan á ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú àpò òfìfo, kò sì sí ẹni tí ó jèrè rẹ̀. Bí ó bá ṣí ti inú, àwọn mẹ́ta yòókù ni yóò sọ bóyá káàdì náà níye lórí lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbè é lẹ́yìn gbọ́dọ̀ fi ọmọ ayò tirẹ̀ ṣe é, nítorí ní ìlú wa, gbígbe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹni tí kò rí ara rẹ̀ ní ọkùnrin tàbí obìnrin ni ó fún mi ní iṣẹ́ jù. Ìrònú tí ó kọ́kọ́ wá ni kí a sọ káàdì rẹ̀ di bíi 20 inú eré káàdì Whot, èyí tí ń dúró fún ohunkóhun tí a bá pè é. Mo kọ̀ ọ́. Ẹni náà kì í ṣe ohunkóhun tí a bá pè é. Ohun kan pàtó ni, tí ìlú kò tíì ní ìjókòó fún. Káàdì funfun ni mo fẹ́ kí ó jẹ́, kí àwọn tí ó yí tábìlì ká sì dá eré dúró nígbàkigbà tí ó bá jáde, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí òfin kan fún un kí eré tó lè tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá kọ̀ láti ṣòfin, eré ti tán, gbogbo wọn ni ó sì pàdánù.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni kí ó kọ ohun tí yóò wà lára àwọn káàdì wọ̀nyí, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má fi orúkọ ẹnikẹ́ni tàbí àwòrán ojú rẹ̀ síbẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, àti ọdún 10 fún ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í fara balẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn ará Ìdáàṣà sì ní ẹbí àti oníbàárà ní òdìkejì ààlà.

Káàdì kan ṣì kù, òun ni mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. John Stavropoulos ni ó dá a sílẹ̀ fún àwọn tí ń ta eré ìtàn ní Amẹ́ríkà: káàdì kan ṣoṣo tí a kọ X sí, tí ó wà láàrin tábìlì, tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn bí ọ̀rọ̀ bá kan egbò rẹ̀, tí a ó sì fo ohun tí a ń sọ láìbéèrè ìdí. Níbí, ẹ̀gbọ́n ẹni tàbí ìyá ẹni lè wà lára àwọn mẹ́rin, ọmọ tí a sì kọ́ kò ní wo ojú àgbà kí ó sọ pé rárá. Káàdì ni yóò sọ ọ́ fún un. Àgbà náà lè fọwọ́ kàn án, nítorí ó lè jẹ́ òun ni ó ti gbé káàdì inú tirẹ̀ pamọ́ láti ìgbà èwe.