Ọ̀rẹ́ orí fóònù kú, wọ́n ní kí ló kàn án nínú ẹ̀!

Bí ẹnìkan bá kú ládùúgbò, gbogbo wa la mọ ohun tó kàn. Wọ́n á to àga síwájú ilé, ẹni tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ á yà wọlé pé "ẹ kú ará fẹ́ra kù o," àwọn ìyàwó ilé á dáná. Tó bá jẹ́ arúgbó ló lọ, kó tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí á ti délẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, wọ́n á sin ín wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́, a ó sì máa rẹ àwọn òbí ẹ̀ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ kò fojú rí rí ńkọ́, tó jẹ́ orí fóònù lẹ ti mọra, tẹ́ ẹ sì ń bára yín sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ta ló ń wáá kí yín?

Obìnrin kan tó ń ránṣọ lápá ọjà Ìpọ̀nrí ló gbé ìbéèrè yìí kò wá. Ó bẹ̀ wá ká má dárúkọ òun, a ò sì ní í dá a. Ọdún mẹ́rin lòun àti obìnrin kan tó ń gbé ní Kútọnu fi ṣọ̀rẹ́ lórí WhatsApp. Facebook ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, níbi tí àwọn aránṣọ ti máa ń gbé iṣẹ́ wọn síta kí ẹgbẹ́ wọn lè rí i. Látorí bí wọ́n ṣe ń gé búbù ló ti di ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ gbèsè. Ó ní kí òun tó tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, ohùn ọ̀rẹ́ òun á ti wà lórí fóònù, tí yóò máa da Faransé díẹ̀díẹ̀ mọ́ Yorùbá. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun, obìnrin yìí nìkan lòun sọ fún, ẹ̀gbọ́n òun gan-an ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ohùn ọ̀hún ò dé mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àbúrò olóògbé fi fóònù náà tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú, àwọn sì ti sin ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ wa bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù, làwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ bá ń wo ara wọn lójú. Nígbà tó délé, ohun tí ọkọ ẹ̀ kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ẹ ti ríra yín rí ni?" Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní tiẹ̀ ní ẹkún òfò ló ń sun.

"Mi ò bínú sí wọn," bó ṣe wí fún wa nìyẹn. "Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò mọ ilé tí mo máa yà sí. Bí mo bá ní kí n sọ pé ẹ kú ìrọ́jú, ta ni mo fẹ́ẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tètè máa bú àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín o. Àwọn àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2012, ọmọbìnrin kan, Cynthia Osokogu, wá sí Èkó láti wá bá àwọn tó mọ̀ lórí Facebook. Inú òtẹ́ẹ̀lì ní Festac ni wọ́n ti pa á. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga Èkó tó dájọ́ ikú fún ọkùnrin méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Òbí tó bá rántí ìyẹn, tó wáá gbọ́ "ọ̀rẹ́ mi orí Facebook" lẹ́nu ọmọ ẹ̀, àyà ẹ̀ ò ní í ṣe kó má já. Ká má tíì sọ tàwọn ọmọ Yahoo tó ń purọ́ ikú láti fi gbowó lọ́wọ́ oníwàkúwà àti ọmọlúàbí bákan náà.

Ṣùgbọ́n ṣé ojú nìkan ló ń sọni dọ̀rẹ́? Nígbà tí Gbénga Adébóyè, Fúnwọntán, kú lọ́dún 2003, mélòó nínú àwọn tó kẹ́dùn ẹ̀ ló ti bá a jókòó rí? Ohùn ẹ̀ lórí rédíò ni wọ́n mọ̀, òun ò sì mọ̀ wọ́n. Ti aránṣọ yìí tiẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ń fún un lésì.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Norway lọ́dún 2014 ló wọ̀ wá lára jù. Mats Steen lorúkọ ọmọ náà. Àìsàn tó ń jẹ iṣan ara díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bí mọ́ ọn, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló wà, ọmọ ọdún 25 sì ni nígbà tó kú. Géèmù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní World of Warcraft ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, àwọn òbí ẹ̀ sì rò pé ọmọ àwọn á kú láìní ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni bàbá ẹ̀ kéde fáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ náà máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ó sì fi àdírẹ́sì ímeèlì síbẹ̀. Ni lẹ́tà bá ń wọlé. Ẹni yìí ní Mats ló dúró ti òun nígbà tí nǹkan le, ìyá kan ní òun ló jẹ́ kí òun àti ọmọ òun tún lè gbọ́ra wọn yé. Àwọn kan wá láti orílẹ̀-èdè míì síbi ìsìnkú. Fíìmù tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe, The Remarkable Life of Ibelin, jáde lọ́dún 2024. Ibelin lorúkọ tó ń jẹ́ nínú géèmù. Àwọn tó bí i ò mọ̀ pé ọmọ àwọn ti gbajúmọ̀ níta.

Nílé wa níbí, 28 oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu rélùwéè Àbújá sí Kàdúná, Dókítà Chinelo Megafu kọ ọ́ sórí Twitter pé wọ́n ti yìnbọn fún òun, kí wọ́n gbàdúrà fún òun. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí gbàdúrà. Àwọn mìíràn ní irọ́ ló ń pa. Ó kú. Ẹ̀yin ẹ sọ fún wa, nínú ìjọ méjèèjì, èwo ló ṣe bí ará ilé?

A bi aránṣọ wa bóyá ó ṣì ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà lórí fóònù. Ó ní alaalẹ́ ni. A ní kó tètè kó wọn síbòmíràn, torí bí fóònù bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ìta lábẹ́ bíríìjì Costain, ó parí nìyẹn. WhatsApp tí olóògbé ń lò náà, bí wọn ò bá ṣí i fún 120 ọjọ́, iléeṣẹ́ náà máa ń pa á rẹ́. Ní ti Facebook, mọ̀lẹ́bí lè kọ̀wé pé kí wọ́n sọ ọ́ di ti ìrántí, kò sì ní í máa polówó ọjọ́ ìbí olóògbé bí ẹni tó ṣì wà láyé mọ́. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti fàyè gbà á kéèyàn fúnra ẹ̀ yan ẹni tó máa mójú tó o sílẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù ló wáá le jù. Ní Nàìjíríà, òfin àjọ NCC ni pé láìnì tí wọn ò bá fi pè, tí wọn ò fi ra dátà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti í pa, bó bá sì tún tó oṣù mẹ́fà míì, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà olóògbé yín lóru, tí ohùn àlejò wáá dáhùn, ẹ rọra tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà ra síìmù ẹ̀ ni.